Bí Alábòójútó Ẹ̀ṣọ́ Páàkì Ṣe Lè Mú Ẹjọ́ Ọdẹ Dé Iwájú Adájọ́ Láìjẹ́ Kí Ẹ̀rí Bàjẹ́ Lọ́nà

Iṣẹ́ kan wà tí àwọn ikọ̀ tó ń ṣọ́ ẹranko ìgbẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ dáadáa tí wọn kì í sì í parí dáadáa. Wọ́n á mú ọdẹ nínú Páàkì Ọ̀yọ́-Ilé, ìbọn á wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹran tútù á wà nínú àpò rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní jiyàn níbi tí wọ́n ti mú un. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wá dé ilé ẹjọ́, agbẹjọ́rò rẹ̀ á béèrè ìbéèrè mẹ́ta péré: ọwọ́ ta ni ìbọn yìí wà láti ọjọ́ náà títí di òní, kí ni ẹ fi mọ̀ pé inú páàkì ni ẹ ti mú un, ta ni ó sì túmọ̀ ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ fún un kó tó tẹ ìka sí i? Bí ẹ̀ṣọ́ tó dúró níwájú adájọ́ bá ń wo ojú ọ̀gá rẹ̀ dípò kí ó dáhùn, ẹjọ́ náà ti fọ́ nìyẹn.

Ọwọ́ alábòójútó ni ìdáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, kò sí lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ tó sáré lé ọdẹ. Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ni ọ̀gá tó wà ní rénjì, ìyẹn ẹ̀ka kan nínú páàkì, yálà ní Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ní Tẹ̀dé, ní Marguba tàbí ní Ọ̀yọ́-Ilé, ẹni tó ń rán ikọ̀ jáde, tó ń gba àbọ̀ wọn, tó sì ń fi fáìlì ránṣẹ́ sí oríléeṣẹ́ páàkì ní Ìsòkún ní ìlú Ọ̀yọ́.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ikọ̀ tó jáde

- Ìwé ẹ̀rí ńlá kan tí a dì pọ̀ ní ẹ̀yìn, tí a ti kọ nọ́ńbà sí ojú ewé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìwé tí a lè fa ewé rẹ̀ ya kò dára fún iṣẹ́ yìí.
- Káàdì tí a lu ihò sí pẹ̀lú okùn, àti èdìdì tó ní nọ́ńbà tí kò ṣeé tú láìjá.
- Fọ́ọ̀mù àkójọ ohun tí a gbà lọ́wọ́ afurasí, ẹ̀dà mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.
- Ẹ̀rọ GPS tí ń fi nọ́ńbà sọ ibi tí ènìyàn wà gan-an, àti fóònù tí ń ya àwòrán, tí aago àwọn méjèèjì bá ara wọn mu.
- Òṣùwọ̀n tí a fi ń gbé ẹran kọ́, téèpù ìwọ̀n, ìbọ̀wọ́, àpò bébà àti àpò ìdọ̀họ tó mọ́.
- Yàrá kan tàbí àpótí irin tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo.
- Orúkọ ẹni méjì ó kéré tán tí wọ́n gbọ́ èdè Fúlàní àti èdè Báríbá, tí ẹ lè ránṣẹ́ pè lóru.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ rénjì kì í ní. Àwọn darandaran tó ń kó màlúù wọ páàkì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í fi gbogbo ìgbà gbọ́ Yorùbá, ẹni tí kò sì gbọ́ ohun tí wọ́n fi kàn án, wọn kò tíì fi nǹkan kan kàn án lójú òfin.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ fi ìwé rán ikọ̀ jáde

Kí ikọ̀ tó kúrò ní àgọ́, ẹ kọ orúkọ wọn, wákàtí tí wọ́n jáde, ọ̀nà tí wọn yóò gbà, nọ́ńbà ìbọn tí ẹ kó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan àti iye ọta. Ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa kọ̀wé àti ẹnì kan tí yóò máa mú ẹ̀rí dání. Kí wọ́n má jẹ́ ẹnì kan náà. Ẹ tún sọ ọ́ sí wọn létí pé ìbọn iléeṣẹ́ kò wà fún ẹ̀yìn ẹni tó ń sá lọ.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ pe ẹnì kan nínú ikọ̀, kí ẹ bi í pé ta ni yóò mú ẹ̀rí dání lónìí. Bí ó bá ní "gbogbo wa ni," ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ fi ìdí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ múlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan

Páàkì yìí fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, oko àwọn ará Ìgbòho, Kìṣí, Ìgbẹ́tì àti Ìkòyí sì fara kan etí rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Nínú páàkì, òfin páàkì orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 kò gbà kí ẹnikẹ́ni wọlé láìgbàṣẹ, kó mú ohun ìjà wọlé, kó dẹ ọdẹ, kó da ẹran jẹ̀ tàbí kó fi iná sí igbó. Nítorí náà, ọ̀yà lásán tí ènìyàn lè pa lóko rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í di ẹ̀ṣẹ̀ ní ìgbésẹ̀ mélòó kan sí i. Gbogbo ẹjọ́ náà dúró lórí ààlà. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí agbẹjọ́rò ọdẹ yóò sọ ni pé, "Oníbàárà mi wà lóko bàbá rẹ̀ ni."

Nígbà tí ikọ̀ bá pè yín lórí rédíò, ẹ má kọ́kọ́ béèrè irú ẹran tí wọ́n rí. Ẹ ní kí wọ́n ka nọ́ńbà GPS ibi tí ẹsẹ̀ afurasí wà gan-an nígbà tí wọ́n mú un, kí wọ́n sì kọ ọ́ pẹ̀lú wákàtí. Bí ó bá sáré kí wọ́n tó bá a, wọ́n á gba ti ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, ti ibi tí òkú ẹran wà, àti ti ibi tí ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Ìwọ̀n mẹ́ta ni, kì í ṣe ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí ni àwòrán: kí wọ́n ya gbogbo àyíká láti òkèèrè, kí wọ́n sún mọ́ ọn díẹ̀, kí wọ́n wá ya ohun kọ̀ọ̀kan láti ìtòsí pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

*Ibi tí wọ́n ti máa ń kùnà:* Ikọ̀ á mú afurasí rìn dé àgọ́, wọ́n á wá rántí GPS níbẹ̀. Nọ́ńbà àgọ́ kò jẹ́rìí sí nǹkan kan ju pé ikọ̀ padà délé lọ. Àṣìṣe kejì ni pé kí wọ́n to ìbọn, àdá àti ẹran jọ dáadáa lórí koríko kí wọ́n tó yà á, nítorí pé àwòrán bẹ́ẹ̀ ń fi ohun tí ẹ̀ṣọ́ tò hàn, kò fi ohun tí ẹ̀ṣọ́ bá hàn. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ dára fún ìròyìn; ẹ jẹ́ kí ó tẹ̀ lé èyí tó wà fún adájọ́.

Bí ó bá jẹ́ ṣakabùlà ni ìbọn náà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n nìkan fọwọ́ kàn án, kí ó yí ẹnu rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ènìyàn, kí ó yọ ohun tó ń ṣáná ní ìdí rẹ̀ kúrò, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀tù wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbà á. Ìbọn tí ẹ̀tù wà nínú rẹ̀ àti ìbọn òfìfo kì í sọ ìtàn kan náà.

*Àyẹ̀wò:* Kí ikọ̀ tó kúrò níbẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà tí wọ́n kà fún yín sí orí máàpù ní àgọ́. Bí kò bá bọ́ sínú páàkì, tàbí bí ó bá bọ́ sí ibi tí ikọ̀ náà kò lọ lónìí, ẹ ní kí wọ́n tún un kà nísinsìnyí tí wọ́n ṣì wà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ tọ́jú afurasí bí òfin ṣe wí

Ọ̀wọ̀ kò ba iṣẹ́ jẹ́. Bí ọdẹ náà bá jẹ́ àgbàlagbà, kí ẹ̀ṣọ́ pè é ní Bàbá, kí ó sì fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, kódà bí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbà pé ẹni tí wọn kò bú ní orúkọ ìyá rẹ̀ máa ń ṣòro fún láti wí níwájú adájọ́ pé ìyà ni wọ́n fi jẹ òun tí òun fi sọ̀rọ̀.

Ẹ sọ ohun tí wọ́n fi kàn án fún un ní èdè tó gbọ́, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé kì í ṣe dandan kó dáhùn ìbéèrè kó tó rí agbẹjọ́rò rẹ̀ tàbí ẹni tó bá yàn. Abala 35 ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 ló là á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Abala kan náà ní kí a kọ ohun tí a fi kàn án sí ìwé fún un láàárín wákàtí 24, kí a sì mú un dé ilé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan bí ilé ẹjọ́ tó lágbára lórí ọ̀rọ̀ náà bá wà láàárín 40 kìlómítà sí ibi tí a ti mú un, tàbí ọjọ́ méjì bí kò bá sí.

Níbí ni ìdẹkùn wà. Alábòójútó tó wà nítòsí Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí lè máa ronú nípa Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn tó jìnnà, kó sì gbàgbé pé Ṣakí kò jìnnà. Ẹni tó mú ọdẹ ní ìhà Ìkòyí kò gbọ́dọ̀ gbàgbé pé Ògbómọ̀ṣọ́ wà nítòsí. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ ṣe bí ẹni pé wákàtí 24 nìkan ni ẹ ní lọ́jọ́kọ́jọ́, kí ẹ pe agbẹjọ́rò iléeṣẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sọ ilé ẹjọ́ tí ẹ ó lọ.

Bí ọdẹ bá sá lọ, ẹ má ṣe gbà kí wọ́n mú ìyàwó rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ dípò rẹ̀. Abala 7 òfin ìṣàkóso ẹjọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015 ka èyí léèwọ̀ pátápátá, kò sì sí bí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ báyìí yóò ṣe parí síbi tó dára.

Ní ti ohun tí afurasí bá fẹ́ sọ, òfin kan náà fẹ́ kí a ka á sínú fídíò tàbí kí a kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú agbẹjọ́rò rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn tó bá yàn. Bí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ ni yóò kọ ọ́, tí yóò sì kà á padà fún un. Ògbufọ̀ náà gbọ́dọ̀ kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti iṣẹ́ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé. Ẹ̀ṣọ́ tó mú un kò yẹ ní ògbufọ̀ rẹ̀, kódà bí ó bá jẹ́ ọmọ ìlú kan náà.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ǹjẹ́ ẹ rí wákàtí tí wọ́n mú un, wákàtí tí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fi kàn án fún un, èdè tí wọ́n fi sọ ọ́ àti orúkọ ẹni tó sọ ọ́? Èyí tó bá ṣófo, ẹ kọ ọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ka ohun tí wọ́n gbà, kí ẹ sì dì í níṣojú rẹ̀

Ẹ kọ gbogbo ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ afurasí sínú fọ́ọ̀mù àkójọ: ìbọn, àdá, iná orí, tákùúté, wáyà, ọ̀kadà, fóònù, owó, títí kan ìkòkò tó fi ń se oúnjẹ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yóò buwọ́ lù ú, afurasí náà yóò sì buwọ́ lù ú tàbí kó tẹ ìka. Bí ó bá kọ̀, ẹ kọ ọ́ pé ó kọ̀. Abala 10 òfin ọdún 2015 yẹn wí pé kíkọ̀ rẹ̀ kò sọ ìwé náà di asán. Ẹ fún un ní ẹ̀dà kan, tàbí kí ẹ fún agbẹjọ́rò rẹ̀.

Ẹ ṣàpèjúwe ohun kọ̀ọ̀kan débi pé ẹni tí kò rí i rí lè mú un jáde láàárín ogún irú rẹ̀. "Ìbọn ìbílẹ̀ kan" kò tó. "Ṣakabùlà kan, gígùn rẹ̀ 142 sẹ̀ǹtímítà, wáyà pupa tí wọ́n fi di igi rẹ̀ ní ọ̀nà méjì, ojú rẹ̀ òsì sán díẹ̀" ni irú àpèjúwe tí mò ń wí. Lẹ́yìn náà, ẹ so káàdì mọ́ ọn, ẹ fi èdìdì dì í, kí ẹ kọ nọ́ńbà èdìdì sínú fọ́ọ̀mù.

Ẹran ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ nira jù, nítorí pé kì í dúró de ilé ẹjọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ ya àwòrán rẹ̀ ní gbogbo ìhà, ní pàtàkì orí, ìwo, pátákò, awọ àti ojú ibi tí ọta wọlé. Ẹran tí wọ́n ti yan lórí iná, tí wọ́n ti gé sí wẹ́wẹ́, kò ní ojú mọ́. Agbẹjọ́rò lè sọ pé ewúrẹ́ ni, kò sì sí ẹ̀ṣọ́ tó lè fi ojú lásán já a nírọ́. Bí ẹ bá bá irú rẹ̀, ẹ wá orí, awọ tàbí pátákò yíká ibi tí wọ́n ti dáná, nítorí pé ọdẹ kì í sábà ru àwọn yẹn. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, ẹ ní kí agbẹjọ́rò iléeṣẹ́ kọ̀wé sí àwọn onímọ̀ ẹranko ìgbẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn kí wọ́n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Fún akika, ìpẹ́ nìkan tó láti fi dá a mọ̀. Ẹ ka ìpẹ́ náà tàbí kí ẹ wọ̀n ọ́n, nítorí pé láti ọdún 2017 ni gbogbo ẹ̀yà akika ti wà ní ipò ààbò tó ga jù lọ lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì lè kọjá ti òfin páàkì nìkan. Bí akika náà bá wà láàyè, ẹ má fi í sínú àhámọ́ ní àgọ́ de ọjọ́ ẹjọ́. Èèrà àti ikán ni oúnjẹ rẹ̀, kì í sì í pẹ́ kú ní àhámọ́. Ẹ ya á ní fọ́tò, kí ẹ bá agbẹjọ́rò iléeṣẹ́ sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀ kí ẹ lè dá a padà sínú igbó.

Bí ẹ bá ní fírísà tí iná rẹ̀ kì í lọ, ẹ fi ẹran tútù sínú rẹ̀ pẹ̀lú èdìdì. Bí ẹ kò bá ní, kí agbẹjọ́rò tọrọ àṣẹ ilé ẹjọ́ láti pa á run níwọ̀n bí ó ti ń bàjẹ́, kí ẹ sì sun ún tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí lẹ́yìn tí àṣẹ bá jáde. Ẹ tọ́jú orí àti awọ bí ó bá ṣeé ṣe.

*Ibi tí wọ́n ti máa ń kùnà:* Ó yẹ kí n sọ ọ́ láìfi bò. Ní ìgbà tí owó oṣù bá pẹ́, tí ebi sì wà, ojú máa ń lọ sí ẹran náà. Ẹran tó bá wọ ìkòkò ẹ̀ṣọ́ ti di ẹ̀rí fún ọdẹ, nítorí pé gbogbo ìlú yóò gbọ́, agbẹjọ́rò rẹ̀ yóò sì béèrè bóyá torí ẹran ni ẹ ṣe mú un. Alábòójútó tí kò dúró ti ẹran títí wọ́n fi dì í kò lè bá ẹnikẹ́ni wí lẹ́yìn náà.

*Àyẹ̀wò:* Ìwọ̀n ẹran nínú fọ́ọ̀mù, ìwọ̀n rẹ̀ lórí káàdì àti ìwọ̀n rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n ní àgọ́ gbọ́dọ̀ sún mọ́ ara wọn. Ẹ̀jẹ̀ tó kán lọ́nà lè dín in kù díẹ̀. Kò lè dín itan kan kù.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ kọ ọ̀nà tí ẹ̀rí ń gbà láti ọwọ́ dé ọwọ́

Bí mo bá ní kí alábòójútó ṣe ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí, ohun náà nìyí. Nínú ìwé ẹ̀rí, ẹ kọ nọ́ńbà ohun náà, ẹni tó fi sílẹ̀, ẹni tó gbà á, ọjọ́, wákàtí, ìdí tí ó fi kúrò lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́, àti bí èdìdì ṣe rí. Àwọn méjèèjì yóò buwọ́ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ní àkókò náà gan-an. Bí awakọ̀ ni ó gbé ìbọn láti rénjì lọ sí Ìsòkún, orúkọ awakọ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá sùn lọ́nà nítorí pé ọkọ̀ bàjẹ́, ẹ kọ ibi tí ẹ̀rí sùn àti ẹni tó ṣọ́ ọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní láti já èdìdì, kí ó kọ ìdí rẹ̀, kí ó fi èdìdì tuntun dì í, kí ó sì fi èyí tó já sínú àpò kan náà. Àṣìṣe ìkọ̀wé kò ṣeé pa rẹ́ pẹ̀lú ọ̀dà funfun. Ẹ fa ìlà kan ṣoṣo la ohun tí ẹ ṣì kọ kọjá kó ṣì ṣeé kà, kí ẹ kọ èyí tó tọ́ sí òkè rẹ̀, kí ẹ sì buwọ́ lù ú.

Àwòrán fóònù náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Abala 84 òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 fẹ́ kí ìwé ìjẹ́rìísí kan bá ohunkóhun tó ti inú kọ̀ǹpútà tàbí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jáde, tí yóò sọ ẹ̀rọ tí ó ti jáde, bí wọ́n ṣe rí i gbà, àti pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà náà. Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ ẹni tó yà á àti irú fóònù tó lò, ẹ má pa àwòrán náà rẹ́ nínú fóònù àkọ́kọ́, ẹ má sì gbára lé èyí tó gba orí WhatsApp kọjá, nítorí pé ó sábà máa ń pàdánù ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti yà á.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ mú ohun kan nínú yàrá ẹ̀rí láìyàn, kí ẹ sì fi ìka tẹ̀ lé e nínú ìwé padà sí ẹ̀yìn, láti òní títí dé inú igbó. Bí ìka yín bá dúró níbi tí kò sí orúkọ, ẹ wá ẹni tó mú un dání nígbà náà, kí ó kọ àlàyé pẹ̀lú ọjọ́ òní lórí rẹ̀. Ẹ má fi ọjọ́ àná sí i.

Ìgbésẹ̀ 6: Kí ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan kọ ohun tí ojú tirẹ̀ rí

Ẹ ya wọn sọ́tọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ yín ni láti béèrè ohun tí kò yé yín. Ẹ kò gbọ́dọ̀ pè é fún wọn láti kọ. Bí ìwé ẹ̀ṣọ́ márùn-ún bá jọra dé orí àmì ìdánudúró, adájọ́ yóò mọ̀ pé ẹnì kan ló kọ ọ́. Kí ẹni tó wà lẹ́yìn kọ ọ́ pé ẹ̀yìn ni òun wà tí òun kò rí ìgbà tí ọdẹ ju ìbọn sílẹ̀. Òtítọ́ bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí ọ̀rọ̀ ẹni tó rí i wúwo.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ wá gbólóhùn tó ní "a rí" nínú ìwé wọn, kí ẹ béèrè pé ta ni "a".

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ gba àwọn ẹlẹ́bẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì kọ wíwá wọn sílẹ̀

Kò ní pẹ́ tí baálẹ̀, olórí ọdẹ, àná afurasí tàbí ẹnì kan láti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ yóò fi dé. "Ẹ dákun, ọ̀gá, ọmọ wa ni." Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pé wọ́n wá, ní ìlú wa, ẹni tí kò lọ bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ ni a ń bínú sí. Ẹ fún wọn ní ìjókòó àti omi, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí afurasí kí wọ́n lè mọ̀ pé ara rẹ̀ le, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ béèlì di ọwọ́ ilé ẹjọ́, pé wọ́n lè wá agbẹjọ́rò fún un. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni nínú wọn wọ yàrá ní ẹ̀yin méjì péré. Lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ, ẹ kọ orúkọ wọn, wákàtí, ohun tí wọ́n béèrè àti ìdáhùn yín sínú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ rénjì.

Àkọsílẹ̀ yìí ń dáàbò bo ẹ̀yin fúnra yín. Bí ẹnì kan tó ga jù yín lọ bá pe fóònù pé kí ẹ fi ọdẹ sílẹ̀, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó fi àṣẹ náà ránṣẹ́ ní ìwé kí ẹ lè fi í sínú fáìlì. Ọ̀pọ̀ àṣẹ orí fóònù kì í di ìwé.

*Àyẹ̀wò:* Iye àlejò tó wà nínú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ gbọ́dọ̀ bá èyí tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kọ mu.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ fi fáìlì lé agbẹjọ́rò lọ́wọ́, kí ẹ sì máa tẹ̀ lé e

Fáìlì náà gbọ́dọ̀ ní ìwé ìránjáde ikọ̀, máàpù pẹ̀lú ìwọ̀n GPS, fọ́ọ̀mù àkójọ, ẹ̀dà ojú ewé ìwé ẹ̀rí, ọ̀rọ̀ afurasí àti ti ògbufọ̀, ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́, àti àwòrán pẹ̀lú ìwé ìjẹ́rìísí rẹ̀. Ẹ jókòó ti agbẹjọ́rò, kí ẹ jẹ́ kó bi yín ní ìbéèrè bí ẹni pé òun ni ó ń gbèjà ọdẹ.

Ẹjọ́ lè fà, wọ́n sì lè gbé ẹ̀ṣọ́ lọ sí páàkì mìíràn láàárín àkókò náà. Ẹ kọ ibi tí ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan wà báyìí sí ẹ̀yìn fáìlì, kí ẹ máa tún un ṣe, kí ẹ sì pè wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ ẹjọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ tí àwọn fúnra wọn kọ kí wọ́n tó lọ, kí ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu.

Nígbà tí ìdájọ́ bá jáde, ẹ béèrè àṣẹ ilé ẹjọ́ lórí ohun ẹ̀rí: ohun tí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé, ohun tí ẹ ó pa run, ohun tí ẹ ó dá padà fún ẹni tó ni ín. Bí ilé ẹjọ́ bá ní kí ẹ dá ọ̀kadà rẹ̀ padà, ẹ dá a padà bí ó ṣe wà nígbà tí ẹ gbà á, kí ó buwọ́ lù ú nínú ìwé ẹ̀rí kan náà.

*Àyẹ̀wò:* Ìlà ohun kọ̀ọ̀kan nínú ìwé ẹ̀rí gbọ́dọ̀ parí sí nọ́ńbà àṣẹ ilé ẹjọ́ àti ìbuwọ́lù ẹni méjì. Ìlà tí kò bá tíì parí bẹ́ẹ̀, ohun rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣì wà nínú yàrá ẹ̀rí.